Erìgì, Sìgá, Àtọ̀gbẹ àti Àìsàn Ọkàn

Bí ẹ bá run pákò láàárọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ jáde ní erìgì, kí ni ẹ máa ń ṣe? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a fi omi yọ ẹnu, wọn a sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí àwọn oníṣègùn ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní 1900, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, William Hunter, kọ̀wé pé ọyún inú ẹnu a máa dá àìsàn sílẹ̀ níbòmíràn nínú ara. Ní 1910 ó tún sọ ọ́ ní Montreal, ní ilẹ̀ Kánádà, ọ̀rọ̀ náà sì ràn bí iná inú ọyẹ́. Àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí fa eyín àwọn aláìsàn, títí kan eyín tí kò ṣe nǹkan kan. Oríkèé ń dun ẹnì kan, wọn a fa eyín rẹ̀. Inú ń run ẹlòmíràn, wọn a fa tirẹ̀ náà. Ní 1938, Russell Cecil àti Murray Angevine ní Amẹ́ríkà yẹ ọ̀ràn 200 aláìsàn oríkèé wò, wọ́n sì rí i pé eyín fífà kò wo àrùn náà sàn. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn wá kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ọ̀rọ̀ Hunter, àti èyí tó dára nínú rẹ̀ àti èyí tí kò dára.

Ní 1989 ọ̀rọ̀ náà tún jí. Ní ilẹ̀ Fínláńdì, Kimmo Mattila àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹnu ènìyàn 100 tí àìsàn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù wé ti ènìyàn 102 mìíràn. Ẹnu àwọn tí àìsàn ọkàn kọlù ni ó bàjẹ́ jù. Ní 1990, ìwádìí láàrin ẹ̀yà Pima ní Arizona, níbi tí àtọ̀gbẹ ti pọ̀ gidigidi, fi hàn pé àrùn erìgì a máa mú alátọ̀gbẹ ju ẹlòmíràn lọ. Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ kì í jẹ́ kí ara lè bá kòkòrò jà dáadáa. Erìgì tó wú náà sì ń mú kí ṣúgà ṣòro láti kápá.

Sìgá ń ba ẹnu àti ọkàn jẹ́ pọ̀. Ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ erìgì pọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí erìgì lè máa bàjẹ́ láìṣẹ̀jẹ̀, kí ẹni náà sì rò pé ẹnu òun le. Nítorí pé sìgá ń ṣe ibi méjèèjì, ẹ má ṣe yára sọ pé erìgì ni ó pa ọkàn. Ní 2012, ẹgbẹ́ American Heart Association sọ pé àìsàn méjèèjì ń rìn pọ̀, ṣùgbọ́n pé kò sí ẹ̀rí pé ọ̀kan ni ó bí èkejì.

Nítorí náà, bí erìgì yín bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má ṣe sáré fa eyín. Ẹ lọ rí oníṣègùn eyín, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò. Kí ẹni tí ń mu sìgá jáwọ́. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀.