Ìpàkọ́ La Fi Ń Ríran

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni nípa ọpọlọ a máa sáré dá ọ̀rọ̀ tuntun kó tó wo orí ara rẹ̀. Ìhà mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ pín òkè ọpọlọ sí. Kò sí àdììtú kankan nínú orúkọ Látìnì tí wọ́n fún wọn: orúkọ egungun agbárí tó bo ìhà kọ̀ọ̀kan ni. Bẹ́ẹ̀, àwa náà ti sọ ibẹ̀ lórúkọ tipẹ́: iwájú orí, àtàrí, ẹ̀bátí, ìpàkọ́. Kí ló tún kù? Ìhà iwájú orí ló ni ìpinnu. Ti àtàrí ń gba ìròyìn ohun tó bá kan ara. Ti ẹ̀bátí, tó múlé gbe etí, ló ń gbọ́ ohùn. Ti ìpàkọ́ ló ń tú ohun tí ojú rí. Ìdí nìyí tí ẹni tí ìhà ìpàkọ́ ọpọlọ rẹ̀ bàjẹ́ lọ́tùn-ún lósì fi lè fọ́jú, kí ẹyinjú rẹ̀ sì wà láìlábùkù. Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ìpàkọ́ tiwa la fi ń rí i.

Ti ojú le díẹ̀. Ẹyinjú, ìpéǹpéjú àti ọmọlójú ti wà nílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n òrùka aláwọ̀ tó yí ọmọlójú ká, tó ń mú un fẹ̀ nínú òkùnkùn, tó ń mú un súnkì nínú oòrùn, dúdú ojú la ń pè é. Kí la ó wá wí fún òyìnbó tí dúdú ojú rẹ̀ jẹ́ búlúù? Òrùka ojú ni kí ó máa jẹ́, kí ẹ̀rín má bàa tú kíláàsì ká. Awọ tó tẹ́ sí ẹ̀yìn inú ẹyinjú náà, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí a fi pè é: awọ agbàmọ́lẹ̀.

Iṣan gan-an ni wàhálà. Iṣan mẹ́fà ló ń yí ẹyinjú kọ̀ọ̀kan síhìn-ín sọ́hùn-ún. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ń bọ́ ọ. Iṣan mìíràn, tí fọ́nrán inú rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan, ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ. Ohun mẹ́ta, orúkọ kan! Bí ìwé bá ní iṣan ojú bàjẹ́, èwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú? Kí iṣan máa jẹ́ ti ẹran ara tó ń súnkì tó ń nà, kí òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, kí okùn ìmọ̀lára jẹ́ ti ìròyìn. Ti ojú á wá di okùn ìríran.

Èmi ò ní bá sẹ́ẹ̀lì jà. Ó lè wu ẹlòmíràn láti pè é ní àhámọ́, torí yàrá kékeré ni Robert Hooke ní lọ́kàn nígbà tó sọ ọ́ lórúkọ ní 1665, ṣùgbọ́n àgọ́ ọlọ́pàá ni àhámọ́ ń mú wá sọ́kàn.

Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pọ̀ sí i ló gba ìrònú. Bí a bá pín iṣu sí méjì, ìdajì ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ẹ̀lì awọ ara kì í ṣe bẹ́ẹ̀: á kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà kùrómósóòmù 46 tó ní, lẹ́yìn náà ni á wá ya, tí sẹ́ẹ̀lì tuntun kọ̀ọ̀kan á ní 46 tirẹ̀ pé pérépéré. Èyí ni Walther Flemming, ará Jámánì, ṣàlàyé ní 1882, tó sì fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún fọ́nrán sọ lórúkọ. Ìdiméjì ni mo fara mọ́ fún un. Ibi tí ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin ti ń wáyé ni ìpín gidi wà, torí 23 péré ló ń kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kí ìyẹn máa jẹ́ ìpín-sídajì. Olùkọ́ tó bá da méjèèjì pọ̀ kò ní rí i ṣàlàyé fún ọmọ kíláàsì rẹ̀ ìdí tí 23 ti bàbá àti 23 ti ìyá fi ń di 46 lára ọmọ.