Ìtàn Ọkọ̀ Igi Àtijọ́: Kí A Mọ̀ Ọ́n Kí A Tó Tún Un Ṣe

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ àkísà àgbà ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí, èyíinì ni ohun àtijọ́ tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀, pàápàá ọkọ̀ igi tí a fi ń rin orí omi. Bí ìdílé kan bá ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ tún un ṣe, kí ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹlòmíràn lè wí pé, "Kí ni ti ọkọ̀ ojú omi ní Ìbàdàn, ìlú orí òkè?" Lóòótọ́, Ògùnpa tí ó gba Agodi kọjá kì í ṣe odò tí à ń tukọ̀ lórí rẹ̀. Kódà odò ńlá bí Ọ̀ṣun, igbá ńlá ni wọ́n fi ń gbé èrò sọdá rẹ̀ láyé àtijọ́ nígbà tí omi bá kún: èrò yóò di igbá mú, òmùwẹ̀ yóò sì máa tì í lọ sí òdìkejì. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901, ojú ọ̀sà ni iyọ̀, aṣọ òyìnbó, ìbọn àti ẹtù wa ń gbà wá. Ọkọ̀ igi ni ó ń kó wọn láti Èkó lọ sí Ìkòròdú àti Ẹ̀jìnrìn, kí àwọn alárùú tó rù wọ́n wọ ilé.

Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì dí ọ̀nà mọ́ wa, ìlú wa mọ ìyà tí ń bẹ nínú àìrí ọ̀nà dé ọ̀sà. Àwọn Èkìtìpàràpọ̀ ní tiwọn rí ọ̀nà Oǹdó lò, èyí tí Glover, alákòóso Èkó, ti ṣí ní 1872. Ọ̀nà yẹn gba orí omi, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní Èkó ń gbà fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Ìró àwọn ìbọn náà ni ó fún ogun yẹn ní orúkọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn Ìbàdàn dájú kò gbọdọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú ọkọ̀ igi.

Ọkọ̀ igi tí ó lókìkí jù lọ ní Nàìjíríà ni ti Dùfúnà, ní ìpínlẹ̀ Yòbè, nítòsí odò Komadugu Gana. Ní 1987, Fúlàní darandaran kan ń gbẹ́ kànga, ó sì bá igi líle pàdé ní nǹkan bí mítà 5 nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Máídúgùri, àwọn onímọ̀ láti Frankfurt ní Jámánì sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọn kò kánjú. Ní 1998 ni wọ́n tó fi òṣìṣẹ́ 50 wú u jáde láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 8.4, ìbú rẹ̀ sì tó ìdajì mítà. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí igi rẹ̀ fi hàn pé ó ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Kò tíì sí píramídì kankan ní Íjíbítì nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Amọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ni ó pa á mọ́.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹnikẹ́ni láyé tí a lè bi ní orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ọkọ̀ Dùfúnà. Igi náà nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀: ẹnu àwọn àgbà ṣì ń bẹ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹnu ni kí á kọ́kọ́ lọ bá. Kí á bi mọ́gàjí, kí á bi ìyáàlé, kí á bi àwọn obìnrin tí ó mọ oríkì agbo ilé, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rọ̀ ẹnìkan má baà ran ti ẹnìkejì. Bí wọn kò bá mọ ọdún, kí á bi wọ́n bóyá ọkọ̀ náà ti wà kí reluwé tó dé, tàbí kí wọ́n tó ṣí gbọ̀ngàn Màpó ní 1929. Kí á kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, kí á yẹ ara ọkọ̀ wò. Ojú àáké yóò hàn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, àti ibi tí ìjókòó atukọ̀ ti jẹ. Ìṣó tí alágbẹ̀dẹ rọ yàtọ̀ sí èyí tí a rà lọ́jà. Kí á wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, kí á sì ya àwòrán rẹ̀. Irú igi tí ó jẹ́, ìbáà ṣe ìrókò tàbí ọ̀gánwó, lè tọ́ka sí igbó tí wọ́n ti gé e; ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀rọ̀ igbó ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Jẹ́ríkò níbí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àyẹ̀wò ti Dùfúnà yóò sọ ọdún ọkọ̀ ìdílé fún òun. Ohun tí kò tíì pé 300 ọdún, àyẹ̀wò náà kì í lè dá ọdún rẹ̀ mọ̀ dáadáa. Ìwé àtijọ́ ti ìjọba wúlò jù ú lọ níbẹ̀, èyí tí a kó pamọ́ sí ilé ìpamọ́ ìwé tí ó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn.

Kí nìdí tí ìwádìí fi gbọ́dọ̀ ṣáájú àtúnṣe? Ìdí ni pé ọ̀bẹ tí a fi há ìdọ̀tí kúrò ń há ojú àáké kúrò pẹ̀lú, ọ̀dà tuntun sì ń bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Igi tí ó ti pẹ́ nínú omi, bí a bá sá a sóòrùn, yóò là. Ọkọ̀ Vasa ti Sweden, tí ó rì ní 1628, ni wọ́n gbé jáde ní 1961. Ọdún 17 ni wọ́n fi ń wọ́n oògùn sí i lára kí ó tó lè gbẹ láìbàjẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ parí iṣẹ́ irú èyí kí ọdún iléyá tó dé, ìbàjẹ́ ni yóò ṣe.

Ìlú wa ti rí ẹ̀kọ́ yìí kọ́ rí. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó gbé Ìbàdàn tí ó sì ṣiṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, kọ ìwé ìtàn Yorùbá, ìwé náà sì sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó fi ránṣẹ́ sí. Ó kú ní 1901 láìrí i. Ọpẹ́lọpẹ́ àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, Obadiah, fi tún ìwé náà kọ, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn, mélòó nínú ohun tí a mọ̀ nípa àwọn baba wa ni ìbá ṣẹ́kù?

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bóyá ọkọ̀ igi ni, tàbí ìlù, tàbí ilẹ̀kùn gbígbẹ́, ẹ má ṣe fún káfíńtà kí ẹ tó fún akọ̀wé. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, nígbà tí ẹ bá ń fi owó àtúnṣe ránṣẹ́, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ pẹ̀lú. Igi ṣì lè dúró fún ọdún díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni àwọn àgbà tí ó mọ ìtàn rẹ̀ ń dín kù. Kí Olódùmarè dá àwọn tí ó kù sí fún wa. Àṣẹ.