Ẹ̀jẹ̀ Lára Búrọ́ọ̀ṣì: Bí A Ṣe Lè Tètè Mọ Àìsàn Èrìgì

Tí ẹ bá ń fọ eyín láàárọ̀, tí ẹ tutọ́, tí ẹ wá rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, kí lẹ máa ń ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Dọ̀pẹmu àti Agége á ní búrọ́ọ̀ṣì ló le jù, a ó ṣanu, a ó sì sáré lọ wọ mọ́tò. Nígbà míì, òótọ́ ni pé búrọ́ọ̀ṣì ló le. Àmọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ léraléra fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, èrìgì ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Èrìgì ni ẹran tó yí ìdí eyín ká. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe Yorùbá níléèwé á rántí àwọn kọ́ńsónáǹtì àfèrìgìpè; ibẹ̀ náà ni. Èrìgì tó dá ṣáṣá máa ń le dáadáa, ó máa ń lẹ̀ mọ́ eyín, kì í sì í ṣẹ̀jẹ̀ téèyàn bá ń fọ eyín. Ti àwọn kan pupa, ti àwọn míì dúdú láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, nítorí náà, ìyípadà ni kí ẹ máa wá, kì í ṣe àwọ̀ nìkan.

Ohun tó ń fà á kò jìnnà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu máa ń kóra jọ sí ìdí eyín, wọ́n á di nǹkan kan tó ń yọ̀ bọ̀rọ́. Tá a bá ń fọ̀ ọ́ kúrò lójoojúmọ́, kò sí wàhálà. Tá a bá fi í sílẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í le bí òkúta, tí búrọ́ọ̀ṣì kò ní lè ká a mọ́. Búrẹ́dì Agége tá a fẹ́ràn yìí rọ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ eyín. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ òru, tí wọ́n ń fi mínírà àti bisikíìtì lé oorun lọ, tí wọ́n á délé láàárọ̀ tí wọ́n á sùn láìfọ eyín, àwọn ni mo ń bá wí jù.

Àìsàn yìí ní ìpele méjì, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn sì ṣe pàtàkì gan-an. Ní ìpele àkọ́kọ́, èrìgì á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà dunni. Èyí ṣeé wò sàn pátápátá. Ní ìpele kejì, ó ti wọ egungun tó di eyín mú. Èrìgì á máa sún sókè tàbí sísàlẹ̀, eyín á dà bíi pé ó ń gùn sí i, àlàfo á yọ, ẹnu á máa rùn, ọyún lè máa jáde, eyín á sì máa mì. Egungun tó bá ti lọ kì í sábà padà. Dókítà kàn lè dá àìsàn náà dúró níbi tó dé ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tí irú èyí tó le ń ṣe káàkiri àgbáyé lé ní bílíọ̀nù kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mu sìgá, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Sìgá máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ lára èrìgì kù, ó ń bo àmì mọ́lẹ̀, ó sì ń dá kún àìsàn náà. Àtọ̀gbẹ náà ń jẹ́ kó tètè le, àìsàn èrìgì sì ń jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣòro láti kápá. Aláboyún máa ń rí i kí èrìgì wú. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, torí pé a lè tọ́jú eyín nínú oyún.

Nílé, ẹ fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, ní pàtàkì kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ má torí ẹ̀jẹ̀ dáwọ́ dúró, ńṣe ni kí ẹ rọra fọ ojú ibẹ̀. Orin ata tàbí pákò Ìjẹ̀bú dára, àmọ́ ẹ jẹ ẹ́ kó fọ́ bíi búrọ́ọ̀ṣì, kí ó sì dé ẹ̀yìn eyín, kì í ṣe iwájú tí aráyé ń rí nìkan. Omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń mára tuni, kò lè ṣí òkúta eyín. Egbòogi tí ẹ kàn rà ní kẹ́mísì náà kò lè ṣí i.

Dókítà eyín ló lè ṣí i. LASUTH ní Ìkẹjà ló sún mọ́ wa, LUTH sì wà ní Ìdí-Àràbà. Wọ́n á fi irin tín-ín-rín wọn àlàfo tó wà láàárín eyín àti èrìgì: mìlímítà 1 sí 3 dára, láti 4 lọ sókè gba àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ha òkúta náà kúrò. Àwọn kan ń sọ pé híha yìí ló ń jẹ́ kí eyín mì. Irọ́ ni o. Àìsàn ti jẹ ìdí eyín tẹ́lẹ̀, òkúta ló ń bò ó.

Ti ọmọdé yàtọ̀. Tí ọmọ tí kò jẹun kánú, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nínú àìsàn èéyi, bá ní egbò tó ń rùn lára èrìgì, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń wú, ó lè jẹ́ noma. Nàìjíríà ló ṣáájú àwọn orílẹ̀-èdè tó bẹ Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí àjọ náà fi kà á mọ́ àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì ní oṣù Kejìlá 2023. Iléèwòsàn àwọn ọmọ tó ní in wà ní Sókótó. Láìsí ìtọ́jú, ó lè pa ọmọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, àárín ọjọ́ mélòó kan ló sì ń ba ojú jẹ́. Àwọn oògùn agbógunti kòkòrò lè dá a dúró tí wọ́n bá tètè gbé ọmọ dé, torí náà, ẹ má retí kí ilẹ̀ mọ́.