Ìtumọ̀ Ló Ṣáájú Ẹ̀rọ

Ní agbolé wa ní Ìsarà Rẹ́mọ, ìyá àgbà kan tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sọ pé, "Orí mi ń gbóná, ọkàn mi kò balẹ̀." Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí fóònù kí ẹ̀rọ lè gbà wọ́n nímọ̀ràn. Oògùn ibà ni ẹ̀rọ náà dárúkọ. Bẹ́ẹ̀ ọ̀fọ̀ ni Màmá ń sọ, kì í ṣe ibà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òde òní ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí dá sí ìtọ́jú ọpọlọ wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àrùn ọpọlọ tí ń jẹ́ schizophrenia ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án. Ìbàdàn wà lára wọn. Aláìsàn 1,202 ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n túmọ̀ àwọn ìbéèrè sí èdè Yorùbá, dókítà jókòó ti aláìsàn, ó tẹ́tí sí i, ó sì kọ èsì sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kọ̀ǹpútà fi ètò CATEGO, tí John Wing ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, pín àwọn àìsàn náà sí ìsọ̀rí.

Ẹ kíyè sí i: ìtumọ̀ àti etí ènìyàn ló ṣáájú ẹ̀rọ. ELIZA, tí Joseph Weizenbaum ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1966, kò ní irú etí bẹ́ẹ̀. Ó ń dá ènìyàn lóhùn bí olùgbaninímọ̀ràn, ṣùgbọ́n kò lóye ohun tí wọ́n ń sọ. Weizenbaum fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1976.

Ìròyìn ìwádìí náà ní 1979 fi hàn pé ara àwọn aláìsàn Ìbàdàn le ju ti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìlú ọlọ́rọ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dárúkọ ẹbí. Èyí kò ṣàjèjì sí wa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́ kí àwọn aláìsàn Aro, l'Abẹ́òkúta, máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jókòó ti àwọn àgbà yín, kí ẹ kọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìdààmú ọkàn sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn àti ìtumọ̀. Ohun tí a kò bá kọ, ẹ̀rọ kò lè kọ́. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́.