Ìmúdọ́gba fáìlì láàárín kọ̀ǹpútà àti ohun tó ń dí i lọ́wọ́

Ìmúdọ́gba fáìlì, tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní sync, ni iṣẹ́ tí Dropbox, Google Drive, OneDrive, iCloud àti irú wọn ń ṣe kí ohun tó wà nínú fódà kan lórí kọ̀ǹpútà ilé lè bá èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ mu. Ẹ̀dà kan wà lórí sáfà ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù náà, níbi tí wọ́n ń pè ní cloud; ọ̀dọ̀ ẹ̀dà yẹn ni kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ti ń gbọ́ ìròyìn. Bí ẹnì kan bá tún ìwé kọ ní Ìbàdàn, àtúnṣe náà á gòkè lọ sórí sáfà, á sì tibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà àbúrò rẹ̀ ní London. Wàhálà dé nígbà tí fáìlì bá kọ̀ láti gòkè, tí ó bá gòkè tí kò sọ̀kalẹ̀ lọ́hùn-ún, tàbí tí fáìlì kan ṣoṣo bá di méjì mọ́ni lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo áàpù wọ̀nyí bí àpótí ìpamọ́. Ìránṣẹ́ ni wọ́n. Ohun tí a bá ṣe níhìn-ín ni wọ́n ń sáré lọ ṣe lọ́hùn-ún, wọn kì í bi wá bóyá ó tọ́. Bí a bá pa fáìlì rẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, wọ́n á lọ pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yòókù. Bí fáírọ́ọ̀sì bá ba ìwé jẹ́, ìwé tó bàjẹ́ ni wọ́n á gbé kiri. Nínú gbogbo ohun tí àyọkà yìí máa sọ, èyí ló jẹ mí lógún jù: kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, kí ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo fódà náà sórí fláàṣì, tàbí sí ibòmíràn tí áàpù ò ti lè fọwọ́ kàn án.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀

Ní 1996, Andrew Tridgell àti Paul Mackerras, tí wọ́n wà ní yunifásítì Australian National University nígbà náà, gbé áàpù ìmúdọ́gba fáìlì kan tó ń jẹ́ rsync jáde. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé kì í kó odindi fáìlì rán. Ó máa ń fi apá tó yí padà nìkan ránṣẹ́. Àwọn tó tẹ̀ lé e ti jàǹfààní nínú ọgbọ́n yìí. Drew Houston gbàgbé fláàṣì rẹ̀ nígbà tó ń wọ bọ́ọ̀sì láti Boston lọ sí New York, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ áàpù kan nínú bọ́ọ̀sì ọ̀hún. Òun àti Arash Ferdowsi dá Dropbox sílẹ̀ ní 2007, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ayé ní 2008. Dropbox máa ń gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju 4 MB lọ, á wá ṣírò àmì ìdánimọ̀ fún ègé kọ̀ọ̀kan. Ègé tí àmì rẹ̀ bá yí padà nìkan ló ń rìnrìn àjò. Ìdí nìyẹn tí ìwé olójú ewé ọgọ́rùn-ún fi lè gòkè ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tí fídíò tuntun ń jẹ dátà títí ilẹ̀ fi ṣú.

iCloud dé ní 2011, Google Drive ní 2012. OneDrive ti wà ṣáájú wọn ní orúkọ SkyDrive, àmọ́ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n BSkyB borí Microsoft nílé ẹjọ́ ní ìlú Ọba lórí orúkọ náà, ni wọ́n bá yí i padà ní 2014.

Nígbà tí fáìlì kan bá di méjì

Ẹ jẹ́ ká wo ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan tí akọ̀wé wọn wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí akápò wọn sì wà ní Peckham. Akọ̀wé ṣí ìwé ìnáwó wọn ní àárọ̀, ó fi ìlà mẹ́ta kún un, ó tọ́jú u. Iná lọ, Wi-Fi kú, ó pa láptọ́ọ̀pù dé, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Ìlà mẹ́ta yẹn ṣì wà lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, sáfà ò mọ̀ nípa wọn. Ní ọ̀sán, akápò ṣí ìwé kan náà, ti àná ni ó rí, ó yọ ìlà kan kúrò níbẹ̀, tiẹ̀ sì gòkè lọ́gán. Nígbà tí láptọ́ọ̀pù akọ̀wé padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìrọ̀lẹ́, sáfà rí àtúnṣe méjì tí ọ̀kan kò mọ̀ nípa èkejì.

Ta ló yẹ kó borí? Èèyàn lè sọ pé kí a wo aago, kí ẹni tó kọ tiẹ̀ kẹ́yìn borí. Leslie Lamport, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti ṣàlàyé láti 1978 pé aago kọ̀ǹpútà méjì tó jìnnà síra kò ṣeé fi ẹ̀mí tẹ̀, nítorí a ò lè mọ̀ dájú bí wọ́n bá bá ara wọn mu. Bí aago tilẹ̀ tọ́, bí a bá mú ti ọ̀sán, iṣẹ́ àárọ̀ á ṣègbé. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ áàpù ṣe ń tọ́jú méjèèjì. Dropbox máa ń kọ “conflicted copy” sí orúkọ ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ kọ̀ǹpútà tàbí ẹni tó ti wá àti ọjọ́ rẹ̀. OneDrive máa ń fi orúkọ kọ̀ǹpútà sí ìdí orúkọ fáìlì. Ti Syncthing, áàpù mìíràn tí kì í tọ́jú fáìlì sórí sáfà àárín, máa ń ní “sync-conflict” nínú.

Àwọn èèyàn máa ń rí orúkọ gígùn yìí, wọ́n á rò pé ìdọ̀tí ni, wọ́n á pa á rẹ́. Ibẹ̀ ni ìlà mẹ́ta akọ̀wé máa ń gbà sọnù. Kí a ṣí méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí a kà wọ́n láti òkè dé ilẹ̀, kí a kó ohun tí ọ̀kan ní tí èkejì ò ní sínú ẹyọ kan, kí ẹni tó yọ ìlà sì sọ ìdí tó fi yọ ọ́. Bó bá jẹ́ ìwé Word ni, Compare tó wà lábẹ́ Review á fi ìyàtọ̀ wọn hàn ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí a ò bá fẹ́ kí ó tún ṣẹlẹ̀, kí a dúró kí àmì ìtẹ́wọ́gbà aláwọ̀ ewé hàn kí a tó pa láptọ́ọ̀pù dé.

Orúkọ fáìlì àti àmì ohùn wa

Ọ̀ràn yìí kan àwa tó ń kọ Yorùbá gan-an, ẹni tó ń bá wa sọ ọ́ kò sì pọ̀. Nínú Unicode, tí kọ̀ǹpútà fi ń ka lẹ́tà, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1ECD. Lẹ́tà ò náà ní tirẹ̀, U+00F2. Ṣùgbọ́n ọ̀, tí ó ní àmì lókè tí ó sì ní lábẹ́, kò ní nọ́ńbà kankan. Àkópọ̀ la máa ń fi kọ ọ́: a lè mú ọ kí a fi àmì òkè kún un, a lè mú ò kí a fi àmì abẹ́ kún un, a sì lè mú o lásán kí a fi àmì méjèèjì kún un. Lójú wa, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ní inú kọ̀ǹpútà, ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Mac àtijọ́, tó ń lo ètò ìtọ́jú fáìlì HFS+, máa ń tú gbogbo àmì kúrò lára lẹ́tà kí ó tó tọ́jú orúkọ fáìlì. APFS, tó rọ́pò rẹ̀ ní 2017, ń fi orúkọ sílẹ̀ bí a ṣe kọ ọ́, ó sì mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Linux ní tiẹ̀ kì í bìkítà. Bí nọ́ńbà bá ti yàtọ̀, fáìlì yàtọ̀. Fódà tí a pè ní “Ọ̀rọ̀ Ẹbí” lè tipa báyìí di méjì lórí kọ̀ǹpútà kan, tí orúkọ méjèèjì á jọra bí ìbejì, tí ìwé kan á wà nínú ọ̀kan tí òmíràn á wà nínú èkejì. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kí a lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹyọ kan, kí a ṣe fódà tuntun tí orúkọ rẹ̀ kò ní àmì, “Oro Ebi”, kí a kó gbogbo ìwé sínú rẹ̀, kí a sì dúró kí ó dé ibi gbogbo kí a tó pa méjì àkọ́kọ́ rẹ́. Kò dùn mọ́ mi nínú láti sọ pé kí a yọ àmì ohùn kúrò lára ohunkóhun. Ṣùgbọ́n fún fódà tí èèyàn púpọ̀ jọ ń lò lórí oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà, kí orúkọ fáìlì wà láìlámì, kí àmì ohùn pé pérépéré sínú ìwé.

Àwọn orúkọ mìíràn tún wà tí Windows kì í gbà. Mac gba “Ta ló sanwó?.docx”, Windows ò ní gbà á nítorí àmì ìbéèrè. Bákan náà ni < > : " / \ | àti *. Kò gbà kí orúkọ fáìlì jẹ́ CON, AUX tàbí NUL, kò sì fẹ́ kí àlàfo tàbí àmì ìdánudúró parí orúkọ. Windows àti Mac ka Owo.xlsx àti owo.xlsx sí ọ̀kan náà, Linux kà wọ́n sí méjì. Fódà inú fódà inú fódà náà léwu: lórí OneDrive, àpapọ̀ orúkọ gbogbo wọn kò gbọdọ̀ kọjá lẹ́tà 400.

Àwọn ìdí tí a kì í fura sí

Àyè lè ti kún. Google ń fúnni ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n Gmail àti Photos ń jẹ nínú rẹ̀, nítorí náà fọ́tò ìnáwó lè dá ìwé iṣẹ́ dúró. OneDrive àti iCloud ń fúnni ní 5 GB, Dropbox ní 2 GB.

Ẹni tó ń lo hotspot fóònù lè ti sọ fún Windows pé dátà òun ní ìwọ̀n. OneDrive á dá iṣẹ́ dúró fúnra rẹ̀ láti bá a ṣọ́ owó, á tún dá a dúró nígbà tí bátìrì bá ń lọ sílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà sì ń ṣọ́ iná lò. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Ẹ tẹ àmì áàpù náà, ẹ ní kó máa bá iṣẹ́ lọ.

Ọjọ́ tí kò tọ̀nà náà wà. Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni bátìrì kékeré kan wà, CR2032, tó rí bí kọ́ìnì, òun ló ń jẹ́ kí aago máa rìn bí iná bá lọ. Níbi tí iná ti ń lọ lójoojúmọ́, bí bátìrì yìí bá kú, kọ̀ǹpútà á jí sí ọdún tó ti kọjá. Ìwé ẹ̀rí tí sáfà fi ń fi ara rẹ̀ hàn ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Kọ̀ǹpútà tó rò pé 2012 la wà á ní ìwé ẹ̀rí náà kò tíì bẹ̀rẹ̀, kò sì ní gbà láti bá sáfà sọ̀rọ̀. Èèyàn á máa yí ọ̀rọ̀ ìwọlé padà lórí asán, nígbà tó jẹ́ pé bátìrì olówó pọ́ọ́kú ló yẹ kí ó rà.

Nígbà mìíràn, ọ̀nà fúnra rẹ̀ ló já. Ní 14 oṣù kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì di ìṣòro ní Nàìjíríà, Benin, Ghana àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó yọ áàpù rẹ̀ kúrò tó tún gbé e wọlé fi kún ìyà ara rẹ̀ ni.

Fáìlì tí a rí tí kò sí níbẹ̀ ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀. Láti 2017 ni OneDrive ti lè fi orúkọ fáìlì nìkan sórí kọ̀ǹpútà, kí ohun inú rẹ̀ wà lórí sáfà títí a ó fi ṣí i. Àmì àwọsánmà aláwọ̀ búlúù ló máa ń wà lára rẹ̀. Kí a tó wọ mọ́tò lọ sí abúlé tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a fi ọwọ́ ọ̀tún máùsì tẹ fódà tí a máa lò, kí a mú “Always keep on this device”, kí a sì dúró kí ó sọ̀kalẹ̀ tán.

Bí a ṣe ń wá ìdí rẹ̀

Lẹ́yìn tí a bá ti ṣe ẹ̀dà sórí fláàṣì, kí a lo kọ̀ǹpútà mìíràn tàbí fóònù láti ṣí ojúlé áàpù náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí fáìlì tuntun bá wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ń gbà ni aláìsàn. Bí kò bá sí níbẹ̀, èyí tó ń rán ni. Ìgbésẹ̀ kan yìí ń dín iṣẹ́ kù sí ìdajì. Kí a wò ó bóyá orúkọ ẹni tó wọlé bá ara wọn mu lórí méjèèjì, nítorí ẹni tó ní àkántì ilé àti ti iṣẹ́ sábà máa ń wọ ọ̀kan níhìn-ín kó wọ èkejì lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn èyí ni a óò wo àyè, ọjọ́, orúkọ fáìlì, àti bóyá áàpù mìíràn ló di fáìlì náà mú. Fáìlì Outlook PST àti ti áàpù ìṣirò owó kì í rìn dáadáa nígbà tí wọ́n bá ṣí sílẹ̀.

Ní ìparí 2023, àwọn kan tó ń lo Google Drive orí kọ̀ǹpútà, ẹ̀yà 84, rí i pé ìwé wọn ti pòórá. Google kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má tẹ “Disconnect account”, kí wọ́n má sì pa fódà tí áàpù ń lò rẹ́ tàbí kí wọ́n gbé e kúrò. Nínú fódà yẹn ni ìwé tí kò tíì gòkè wà. Ní oṣù kejìlá, ilé-iṣẹ́ náà gbé ẹ̀yà tuntun jáde tó ní ọ̀nà ìgbàpadà, ẹni tí kò tíì da nǹkan kan nù ló sì lè jàǹfààní rẹ̀.

Fáìlì tí wọ́n bá pa rẹ́ máa ń wà nínú àpò ìdọ̀tí orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ 30 lórí Google Drive, lórí Dropbox ọ̀fẹ́ àti lórí OneDrive tara ẹni. OneDrive ti ibi iṣẹ́ sábà máa ń fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 93.

Bí gbogbo èyí ò bá ṣiṣẹ́, OneDrive ní àṣẹ kan, onedrive.exe /reset, tí a ń kọ sínú àpótí Run lórí Windows, pẹ̀lú ojú ọ̀nà fódà tí áàpù náà wà níwájú rẹ̀. Kì í pa ìwé rẹ́; ó ń mú kí áàpù gbàgbé gbogbo ohun tó rò pé òun mọ̀, kó tún ka fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí fáìlì bá ti pọ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kíkà yẹn lè gba wákàtí mélòó kan. Kí a fi kọ̀ǹpútà sí iná, kí a má pa á dé, kí a má sì ṣí ìwé kankan nínú fódà náà títí àmì aláwọ̀ ewé á fi padà.