Àjà, Àká àti Bẹẹrẹ: Bí Agbo Ilé Òkè-Ògùn Ṣe Ń Múra De Iná Ọyẹ́

Àwọn baba wa a máa wí pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ibi tí a gbé fi ọ̀rọ̀ yìí mọ ilé, tí a sì fi to oúnjẹ pamọ́, kí ó lọ sí ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí àti Kìṣí. Ewu kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá láti ìhà aṣálẹ̀. Koríko a gbẹ, ewé a wọ́, àwọn ọdẹ a sì tiná bọ igbó. Nígbà tí màjàlà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí agbàlá, ìyá àgbà tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ti mọ̀ pé iná kò jìnnà mọ́. Ní ayé àtijọ́, koríko gbígbẹ kan náà ni ó sì wà lórí ilé rẹ̀.

Bẹẹrẹ ni orúkọ koríko náà. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní ọdún 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di ọdún 1921, sọ fún wa nípa ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́, èyí tí a fi ń ka iye ọdún tí Aláàfin ti lò lórí oyè. Àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin a máa ru bẹẹrẹ lọ sí ààfin. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ni ó ti ka ọdún yìí sí ọ̀rọ̀ ọba nìkan. Ní tèmi, mo rò pé ọgbọ́n baálé ilé ni ó wà nídìí rẹ̀. Bẹẹrẹ kò ṣe é gé kí ó tó gbó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí a ó gé mọ́ bí iná bá ti gba orí pápá kọjá. Àkókò tí ó wà láàárín méjèèjì kò gùn. Ẹni tí ó bá fi í ṣeré, abẹ́ ìjì àti òjò àkọ́rọ̀ ni yóò ti máa wo ojú ọ̀run láti inú yàrá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú ilé gan-an ni ọ̀rọ̀ náà gbé dùn ún wò. A mọ̀ pé agbo ilé ìgbà náà jẹ́ ọ̀wọ́ yàrá tí ó yí agbàlá ká lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Bí iná bá mú igun kan, kò sí ohun tí yóò dá a dúró kí ó tó dé igun kejì, àfi bí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bá tètè gun òkè lọ tú koríko dànù níwájú rẹ̀. Àwọn àgbà kò sì gbẹ́kẹ̀ lé èyí nìkan. Wọn a to igi lílágbára léra pẹ́kípẹ́kí sí orí ògiri yàrá, wọn a sì fi amọ̀ pípò rẹ́ ẹ dáadáa. Èyí ni àjà. Koríko wà lókè, àjà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹrù sì wà lábẹ́ àjà. Bí òrùlé bá jó, ẹ̀yinná a wó lu amọ̀, a sì kú síbẹ̀. Aṣọ òfì tí ahunṣọ Ìsẹ́yìn ti fi oṣù mélòó kan hun, owó ẹyọ inú ìkòkò, irúgbìn ọdún tí ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ a yè. Ẹni tí ó bá wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ lè ráhùn pé ó ṣókùnkùn, pé ilẹ̀kùn rẹ̀ kéré, pé kò ní fèrèsé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iná pẹ̀lú kì í rí ọ̀nà wọ ibẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ògiri ṣì dúró. Koríko àti igi òrùlé nìkan ni a ní láti wá, a ó sì bẹ ọ̀wẹ̀. A máa ń sọ pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i, nítorí pé ọba ní ènìyàn púpọ̀. Ọ̀wẹ̀ ni tálákà fi ń di ọba fún ọjọ́ kan.

Ti oúnjẹ kò yàtọ̀: a kì í kó gbogbo rẹ̀ sí ojú kan. Àká ọkà wà ní oko, àgbàdo irúgbìn so rọ̀ lókè ààrò níbi tí èéfín kò ti jẹ́ kí kòkòrò bà á jẹ́, èlùbọ́ sì wà nínú ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí èlùbọ́ yìí. Ọyẹ́ tí ń ran iná náà ni ó ń gbẹ iṣu tí a ti bọ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ọ̀tá kan náà ni a ń bẹ̀ ní iṣẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1930, nígbà tí eéṣú tí ó ti ń ya bọ̀ láti àárín gbùngbùn odò Ọya láti ọdún 1928 dé ilẹ̀ Nàìjíríà, ewé ọkà àti àgbàdo ni irú wọn ń jẹ run. Ohun tí ó wà nínú ilẹ̀, iṣu àti gbágùúdá, kò sí ní àrọ́wọ́tó wọn. Ibi tí a ti lè rí bí ó ti ń rí nígbà tí kò bá sí àká mọ́ ni ogun tí Ọ̀yọ́ bá Ìlọrin jà lẹ́yìn ikú Àfọ̀njá, láàárín ọdún 1820 sí 1830. Ilẹ̀ ti bàjẹ́, oúnjẹ kò sí, èso igbá ni ènìyàn àti ẹṣin ń jẹ. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ogun náà ní Mùgbámùgbá.

Páànù ni ó yí nǹkan padà. Ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ṣùgbọ́n kò dé Òkè-Ògùn, kòkó kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Nítorí náà koríko pẹ́ lórí ilé ju ti ìhà gúúsù lọ. Nígbà tí páànù dé tán, ẹ̀rù iná rọlẹ̀, a sì dẹ́kun àjà amọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè bá ènìyàn wí fún èyí. Ṣùgbọ́n ìjì oṣù kẹta àti oṣù kẹrin kò mọ̀ pé a ti ra páànù. Koríko tí ìjì bá ká kò pa ẹnikẹ́ni lára. Páànù tí ó bá fò, àdá ni. Iná pẹ̀lú kò fi oko sílẹ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1983, iná jó igbó àti oko ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó sì run oko kòkó púpọ̀ ní Gánà. Ní ọdún 1999 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NEMA sílẹ̀ fún ọ̀ràn pàjáwìrì. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí, àfi pé kì í ṣe àjọ ni yóò bá baálé kan ìṣó òrùlé rẹ̀ kí oṣù kẹta tó wọlé.

A ṣì ń pe abẹ́ òrùlé ní àjà. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó sábà máa ń jẹ́ nísinsìnyí, iná a sì máa gbà á kọjá bí ẹni gba ọ̀nà ọjà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùkọ́ kan bá rí ògbólógbòó yàrá alájà amọ̀ ní ìlú rẹ̀, kí ó wọn bí amọ̀ náà ti nípọn tó, kí ó béèrè orúkọ igi tí a fi gbé e ró lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí wa kí ògiri náà tó wó.