Bọ́ọ̀sì L300 tó tú àṣírí ìkọlù Bali

Tí wọ́n bá dárúkọ Bali lónìí, fọ́tò etíkun àti ti àwọn tọkọtaya tuntun ló máa ń wá síni lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni àwọn agbésùnmọ̀mí ti ṣe ìkọlù tó gba ẹ̀mí jù lọ nínú ìtàn wọn ní Indonéṣíà, lálẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2002.

Àdúgbò Kuta ni. Ọkùnrin kan gbé àdó olóró kọ́ ẹ̀yìn wọ Paddy's Pub, ó sì bú gbàmù. Àwọn tó yè é sá jáde sí títì. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ibi yìí ń retí gan-an nìyẹn, torí bọ́ọ̀sì Mitsubishi L300 kan tí wọ́n di bọ́ǹbù sí wà níta, níwájú Sari Club. Ìyẹn ló ba nǹkan jẹ́ jù. Èèyàn 202 ló kú. 88 nínú wọn jẹ́ ará Ọsirélíà, 38 jẹ́ ọmọ Indonéṣíà.

Bí ọwọ́ ṣe tẹ̀ wọ́n ló máa ń yà mí lẹ́nu. Wọ́n ti ha nọ́ńbà ara ọkọ̀ náà dànù, àmọ́ ọkọ̀ ọ̀hún ti fìgbà kan jẹ́ ọkọ̀ akérò, nọ́ńbà mìíràn tí wọ́n lù mọ́ ọn lára nígbà yẹn ṣì wà níbẹ̀. Òun ni ọlọ́pàá tọ̀ dé ọ̀dọ̀ Amrozi ní Ìlà-Oòrùn Java, kí oṣù kan tó pé. Ìjọba yìnbọn pa òun, Mukhlas ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Imam Samudra ní 2008. Àbúrò wọn, Ali Imron, tọrọ àforíjì. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún un.

Ẹgbẹ́ Jemaah Islamiyah ló wà nídìí gbogbo ẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé Mùsùlùmí ló ń bá òyìnbó jà níbẹ̀. Èmi ò gbà. Ní ọdún méjì ṣáájú, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì, ẹgbẹ́ yìí kan náà ri bọ́ǹbù sí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlú púpọ̀. Ní Mojokerto, Riyanto, ọmọ ọdún 25, ló ń ṣọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó rí ẹrù kan, ó gbé e sá jáde, ó sì bú mọ́ ọn lọ́wọ́. Mùsùlùmí ni Riyanto. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, Banser, ló rán an lọ ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà.

Ní oṣù Kẹfà 2024, àwọn olórí Jemaah Islamiyah kéde pé àwọn ti tú ẹgbẹ́ ká. Àmọ́ àwọn tó kọlu ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ní Surabaya ní 2018 kì í ṣe tiwọn, ọmọlẹ́yìn ISIS ni wọ́n: bàbá, ìyá, àti ọmọ wọn mẹ́rin.